Oko Tí Bàbá Bámiṣayé Kò Tíì Pín

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Joseph lò lórí ẹní lẹ́yìn tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, kò sì sọ gbólóhùn kan títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ọdún 1953 ni, nígbà tí Ganaja ṣì jẹ́ abúlé àgbẹ̀ létí Odò Ọya, tí oko bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé tó sì lọ kan etí omi. Martha, ìyàwó rẹ̀, jókòó tì í, ó ń fi aṣọ tútù nu ètè rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó la ẹnu. Ohun tó fẹ́ kó sọ, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró yí wọn ká lè gbọ́, kò ju èyí lọ: "Martha àti Sarah ọmọ wa ni kó máa dá oko yìí lọ." Ọdún mẹ́rìndínlógún ni tọkọtaya náà fi bá igbó ibẹ̀ jà. Wọ́n jọ ṣán an, wọ́n jọ kọ ebè, wọ́n jọ wa iṣu. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ àti ìyàwó bá sọ nínú yàrá, ẹbí kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Joseph, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Wọn kò bú Martha, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Èyí àgbà nínú wọn kàn gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìyá Sarah, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí oko mọ́. Àwa la ó máa bójú tó o."

Bó ṣe parí nìyẹn. Martha kó ẹrù rẹ̀ wá sí Lokoja, ó gba yàrá kan, òun àti Sarah títí ọmọ náà fi relé ọkọ, nílé Àdìjátù, obìnrin oníṣòwò kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ìlọrin wá tẹ̀dó sí àdúgbò ọjà nítòsí odò. Ó ń ránṣọ fún àwọn ènìyàn níwájú ilé. Ó ti ka ìwé mẹ́rin nílé-ìwé ìjọ kó tó relé ọkọ, nítorí náà àwọn tí kò mọ̀wé a máa wá bá a pé kó bá wọn kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn.

Láàárín ọdún kan, àgbẹ̀ arúgbó kan wá kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì. Martha parí lẹ́tà náà, ó kà á sí i létí, kò sì mọ ohun tó sún òun tí òun fi bi í pé, "Bàbá, ta ni ẹ fẹ́ kó gba oko yín lọ́wọ́ yín?" Baba náà tẹjú mọ́ ilẹ̀ títí tàdáwà fi gbẹ lẹ́nu gègé. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Láti ọjọ́ yẹn ni Martha ti rí iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó rán an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé, sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí orúnkún wọn ti ń dùn wọ́n, tí ọkọ́ ti ń wúwo lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pe ọmọ àti ẹbí jọ nígbà tí ara ṣì le, kí wọ́n jọ rin ààlà oko yí ká, kí wọ́n gbin pèrègún síbi tí ìpín ẹnì kan ti pin, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ẹni tó ni èwo. Òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀, baba yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò fi ìwé kan sílé, wọn yóò fún baálẹ̀ ní ọ̀kan, àlùfáà ìjọ tàbí Lèmọ́mù yóò gba ìkẹta. Ọ̀pọ̀ ló lé e. Àwọn kan sọ ọ́ lórúkọ pé Aṣebíikú. Wọ́n ní bí ẹ bá ti rí i tó gba ọ̀nà abúlé yín pẹ̀lú ìwé lábẹ́ abíyá, kí ẹ yára gbé arúgbó yín wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 1961 fi ń parí, àgbà mọ́kànlá ti pín oko wọn níṣojú rẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú mọ́kànlá náà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Ìkejìlá ni Bàbá Bámiṣayé.

Salome, ọmọ baba náà, ló wá pe Martha fúnra rẹ̀. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, ètè obìnrin náà ti là, eruku ọ̀nà bò ó dé orúnkún. Láti Ìdí-Ọsẹ̀ ló ti wá, abúlé Oworo kan lẹ́yìn Òkè Pátì. Ó kúnlẹ̀ kí Martha bí àwọn ará Oworo ṣe ń kíni, ó ní, "Òkun o, Màmá. Bàbá mi ti ń gbàgbé ibi tó gbé ọkọ́ sí. Láná, ó fi orúkọ ìyá mi pè mí, ìyá mi tó ti kú láti ọdún méje."

"Ta ló ń bá a ṣiṣẹ́ oko?"

Salome na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i. Àtẹ́lẹwọ́ náà le bí èèpo igi. "Èmi ni, Màmá. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kọ̀ mí. Ọdún mẹ́jọ rèé."

Bàbá Bámiṣayé ti lé láàádọ́rin ọdún. Oko rẹ̀ gùn láti etí odò kékeré kan tí kì í gbẹ, ó gòkè lọ títí dé ìdí àpáta. Ìsàlẹ̀ létí odò ni ilẹ̀ ti dúdú tó sì rọ̀, ibẹ̀ ni iṣu ti ń ta jù. Ọmọ méjì ló kù fún un láyé, Salome, àti Kẹ́hìndé ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ réluwéè ní Kàdúná, tí kò tíì wálé fún ọdún mọ́kànlá. Àbúrò rẹ̀ Ọ̀ṣẹ́nì ń gbé agboolé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mọ́sálásí ni Ọ̀ṣẹ́nì ń lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n ń bu jẹ. Ọ̀ṣẹ́nì bí ọmọkùnrin mẹ́rin, gbogbo wọn ti dàgbà, gbogbo wọn ti fẹ́yàwó, ilẹ̀ tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ẹnì kan dá. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Àìní ilẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Martha dé ọ̀dọ̀ Bàbá Bámiṣayé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ṣé o ti bá mi wọn pósí wá ni?" Nígbà kejì, ó jẹ́ kó jókòó, ó fún un lómi mu, ó sọ ìtàn eégbọn ẹran ọ̀sìn rẹ̀ fún un títí ọjọ́ fi rọ̀, kò jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀ oko. Martha kò sọ̀rètí nù. Oṣù kejì ọdún 1962, nígbà tí wọ́n ń dáná sun koríko gbígbẹ oko, ó padà lọ ní ìgbà kẹta. Lọ́jọ́ náà, baba dìde fúnra rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó ní, "Wá."

Àwọn méjì péré ló lọ. Salome ti lọ rẹ ẹ̀gẹ́ sódò. Baba ń rìn lọ níwájú, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka. Ó ní láti odò títí dé ìdí igi igbá ńlá yẹn, Salome ló ni ín, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé obìnrin ni. Láti ìdí igi igbá gòkè lọ, ti Kẹ́hìndé ni, kó lè ní ibi tó ń padà bọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àpáta, níbi tí ọkà bàbà ti ń ṣe dáadáa, kí àwọn ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì pín in mọ́ra wọn. "Ọmọ tèmi náà ni wọ́n," ni ó wí. "Èmi ni mo kọ́ wọn ní ebè kíkọ."

Omi bọ́ lójú Martha, nítorí pé nínú gbogbo ìpín tó ti kọ sílẹ̀ rí, kò tíì rí èyí tó tọ́ tó báyìí.

Wọ́n padà dé agboolé. Ọ̀ṣẹ́nì jókòó lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń hun agbọ̀n. Baálẹ̀ wà nílé. Katikíìsì ìjọ wà nílé. Bàbá Bámiṣayé jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Lọ pè wọ́n wá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi lónìí."

Martha ti dìde tán. Ó tún jókòó.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ ká dúró de Kẹ́hìndé. Ó kọ̀wé pé òun á wá ṣọdún Àjíǹde. Bí a bá pín oko lẹ́yìn ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní, ó lè wá da gbogbo rẹ̀ rú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kó fìdí múlẹ̀."

Baba gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. "Ìwọ lo mọ̀wé," ó wí, ó sì pe ẹnì kan kó gbé omi wá fún òun.

Ọdún Àjíǹde dé, Kẹ́hìndé kò dé. Lẹ́tà rẹ̀ ló dé, pé wọn kò fún òun láyè níbi iṣẹ́, pé ó di ìgbà iṣu tuntun. Martha ka lẹ́tà náà ní ìgbà mẹ́ta, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn lè jáde nínú rẹ̀. Ó lọ sí Ìdí-Ọsẹ̀ ní oṣù karùn-ún pé kí wọ́n kúkú ṣe é láìsí Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti padà sí inú baba. Nígbà tí Martha dárúkọ ààlà, ó bi í pé ààlà wo. Ó bi í pé ọmọ ta ni.

Oṣù kẹfà ni obìnrin kan tó ń ru igi wá sọ́jà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé Àdìjátù. Aṣọ ọmọdé kan ni Martha ń rán lórí ẹ̀rọ. Obìnrin náà ní, "Ìyá Sarah, ṣé ẹ ti gbọ́? Bàbá Bámiṣayé wó lulẹ̀ lóko láàárọ̀ àná. Wọ́n ní kò lè sọ̀rọ̀."

Martha kò yọ aṣọ náà kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́. Àdìjátù ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé òjò ń bọ̀, kó mú nǹkan bo orí, kò gbọ́. Ó gba ẹ̀yìn Òkè Pátì lọ. Òjò bá a lọ́nà, omi ń ṣàn láti orí òkè wá, ó ń gbé òkúta kéékèèké yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí bàtà rẹ̀ kan já, ó bọ́ ìkejì jù sígbó. Ohun tó ń wí ní gbogbo ọ̀nà ni pé, "Olúwa, gbólóhùn kan. Mi ò ní béèrè méjì. Gbólóhùn kan péré, lójú àwọn ènìyàn."

Ó bá baba lórí ẹní, orí rẹ̀ lórí itan Salome. Ẹnu ti yí sápá kan. Apá ọ̀tún wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí igi tí wọ́n gé. Ojú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ojú náà sì mọ Martha. Ó rí i, omi sì gba ibẹ̀.

Martha kúnlẹ̀, omi òjò ń ro kán lára rẹ̀ sórí ẹní. "Bàbá, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ìsàlẹ̀ ti Salome. Ẹ pe Salome lásán."

Baba yanu. Ohun tó jáde kò ju ìró kan lọ, bíi ti ẹran tó há. Ó tún gbìyànjú. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Salome fi ọwọ́ bo ẹnu bàbá rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń pa á lára."

Ọ̀ṣẹ́nì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó hàn pé òun náà ti sunkún. Martha yíjú sí i, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìmí, láti etí odò dé ìdí igi igbá, láti ìdí igi igbá dé òkè, títí kan ẹ̀gbẹ́ àpáta tí baba fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì fúnra rẹ̀.

"Ìyá Sarah," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí, "ta ló gbọ́ ọ pẹ̀lú yín?"

Martha wo Salome, òun náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún mi. Kò sọ fún baálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Lokoja wá nìkan ló sọ fún?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sóko," Martha bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì ń gbéra. Kó na ọwọ́ sí ibi tó fẹ́ àti ẹni tó fẹ́. Ẹ pe baálẹ̀, ẹ pe gbogbo àgbà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ lórí àìsàn, àìsàn ló sọ ọ́."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ló wà lórí ẹní yìí ńkọ́?"

Ọ̀ṣẹ́nì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ pe àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí òjò dá, àwọn ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé baba sórí ibùsùn oparun, wọ́n gbé e lọ sóko. Baálẹ̀ tẹ̀ lé wọn, àti katikíìsì, àti àwọn àgbà mẹ́ta. Wọ́n gbé e kalẹ̀ nísàlẹ̀, láàárín àwọn ebè tí Salome kọ. Ewé iṣu ti ń fà mọ́ igi. Salome gbé baba rẹ̀ jókòó, ó fi àyà ara rẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Bámiṣayé, ta lo fẹ́ kó ni ilẹ̀ yìí? Na ọwọ́ sí i."

Ọwọ́ òsì baba gbéra. Martha di aṣọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà lọ síwájú, ó ń gbọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀ sára ebè tó súnmọ́ ọn jù. Ó bá èpò kan níbẹ̀, ó fà á tu. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún wá òmíràn rí, ó fà á tu. Ó ń ro oko. Baálẹ̀ tún bi í, ó ń ro oko. Martha kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, Salome, Salome dà?" Omi ń dà lójú arúgbó náà, ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó yí, ó sì ń fa koríko tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o jọ dáadáa bí ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ nílẹ̀.

Ọ̀ṣẹ́nì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè dì mú. Ẹ gbé e lọ sílé."

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Bámiṣayé kú.

Nígbà tí ẹbí jókòó lẹ́yìn ìsìnkú, Martha lọ. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó dìde láàárín wọn, ó sọ ohun tó gbọ́ létí ara rẹ̀ ní oṣù kejì. Wọ́n fetí sí i, wọn kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, baálẹ̀ ní, "Mi ò sọ pé irọ́ lẹ pa, Ìyá Sarah. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹnì kan kò tó pín ilẹ̀." Wọ́n wá pinnu. Ilẹ̀ òkè ti Kẹ́hìndé ni, Ọ̀ṣẹ́nì yóò máa mójú tó o títí yóò fi dé. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ àpáta, kí àwọn ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì máa dá a. Salome yóò wa iṣu tó gbìn lọ́dún yìí. Wọ́n kò sọ ohun tí yóò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Salome sin Martha dé ẹ̀yìn abúlé. Martha rò ó lẹ́ẹ̀kan pé kí òun gbé ọ̀rọ̀ inú òun mì. Ó rí i pé kò ní lè gbé e mì.

"Salome, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ. Ní oṣù kejì yẹn, bàbá rẹ ní kí n pe gbogbo wọn jọ lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo ní kó dúró de Kẹ́hìndé."

Salome dúró. "Ẹ̀yin lẹ ní kó dúró?"

"Èmi ni."

"Ó fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó ní ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun òun."

Atẹ́gùn fẹ́ la àárín wọn kọjá. Martha ti múra sílẹ̀ fún èébú, ì bá sì yá a lára kó bú òun. Salome kò bú u. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. "Ọdún mẹ́jọ, Màmá," ó wí jẹ́jẹ́, ó sì yí padà sí ọ̀nà abúlé.

Martha kò lè ránṣọ mọ́. Ó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tẹ nǹkan kan. Àdìjátù gbé oúnjẹ wá, ó gbé e lọ bó ṣe gbé e wá. "Ìwọ kọ́ lo pa á, Martha," ni Àdìjátù ń wí. "Ọlọ́run ló mọ ọjọ́." Martha a dá a lóhùn pé Ọlọ́run ti fún òun lọ́jọ́, òun lòún sún un síwájú.

Àárín oṣù keje ni Kẹ́hìndé tó dé, wáyà tí wọ́n tẹ̀ sí i ti pẹ́ lọ́nà. Ó ránṣẹ́ pe Martha. Létí odò ìsàlẹ̀ oko ló ti bá a, pẹ̀lú Salome tó dúró jìnnà díẹ̀. Ọkùnrin gíga ni Kẹ́hìndé, ewú ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, aṣọ kákí réluwéè ló wọ̀.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí bàbá mi sọ."

Martha sọ ọ́ fún un, kò fi ẹ̀bi tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tó dé ibi tí baba ti sọ pé kí òkè jẹ́ ti Kẹ́hìndé kó lè ní ibi tó ń padà bọ̀, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rò pé kò fẹ́ rí mi mọ́." Ó jókòó sórí òkúta kan, ó gbé orí sáàárín ọwọ́ méjèèjì. Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀. "Kí Salome máa dá ìsàlẹ̀ yìí. Mo gbà. Bí mo bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, màá pe ẹbí, màá sọ ọ́—"

"Rárá!"

Igbe náà ya Martha fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti di apá ọkùnrin náà mú. "Kì í ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Nísinsìnyí. Ẹ dìde, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí!" Ó sáré gun bèbè odò, ó ń ké pe ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá kàn. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ wá, ọwọ́ wọn funfun. Obìnrin Núpé kan tó ru ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó rò pé ẹnì kan rì sómi ni. Àwọn ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì gbọ́ igbe láti òkè, àwọn àti baba wọn sáré dé. Martha sì lọ sí ilé baálẹ̀ láìwọ bàtà, ó fà á dé pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ́rùn.

Níwájú gbogbo wọn ni Kẹ́hìndé ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ọ̀ṣẹ́nì ti ṣán apá ibẹ̀ tí Salome kò gbìn dé àárín, wọ́n ti kọ ebè tuntun, èyí tó dàgbà nínú wọn sì ní òun kò ní fi òógùn òun sílẹ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n jà á níyàn títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ọ̀ṣẹ́nì kò sọ púpọ̀. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n fi ìdajì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún Salome, láti odò dé ibi tí ebè tuntun ti bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá wà láyé. Bó bá kú, kó padà sọ́dọ̀ ẹbí. Èyí ni wọ́n fìka tẹ̀. Martha kọ ọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. Ó yára kọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣeé kà, katikíìsì tó bá baálẹ̀ wá ní láti tún un kọ.

Ìdajì ohun tí baba fún un ni, yíyá ni wọ́n sì fi yá a. Salome kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀ṣẹ́nì. Ó dé ọ̀dọ̀ Martha, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Kò wo ojú rẹ̀. Látọjọ́ náà, bí ó bá gbé iṣu wá sọ́jà Lokoja, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà, kì í gba iwájú ilé Àdìjátù.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n wá pe Martha sí Ganaja, sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Bàbá Mùkáílà. Kò fẹ́ lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi tẹ ilẹ̀ Ganaja. Àdìjátù ló kó ìwé àti gègé fún un, ó tì í jáde. Ó bá arúgbó náà níwájú ilé, tó ń pa èèpo ẹ̀pà. Ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ ròkè. Ó kí Martha dáadáa, ó ní ọ̀rọ̀ náà wu òun, ṣùgbọ́n kó padà wá ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, nígbà tí àkọ́bí òun bá ti Ìdá dé.

"Ta ló wà nílé nísinsìnyí, Bàbá?"

"Ìyàwó mi ni. Àti Mùsílímátù, ọmọ mi obìnrin."

"Ẹ pè wọ́n. Ẹ pe àwọn ará ilé kejì pẹ̀lú."

"Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo ní kó o fún mi, ìwọ obìnrin yìí. Ṣé wọ́n ń lé ọ ni?"

Martha jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú èèpo ẹ̀pà, pẹ̀lú aṣọ ìjáde rẹ̀ lára. "Bàbá, bí ẹ bá ní kí n dìde níbí, mi ò ní dìde. Ẹ lè ní kí wọ́n wọ́ mi. Ẹ kàn sọ ọ́ lónìí, kí wọ́n gbọ́. Bí àkọ́bí yín bá dé, ẹ tún un sọ lójú rẹ̀, bó bá wù yín, ẹ sọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ̀kan lónìí."

Arúgbó náà dá ọwọ́ èèpo pípa dúró. Ó wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìwé tó dì mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

"Mùsílímátù!" ó pè sínú ilé.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè. Martha ti mú gègé dání, kò gbé ojú kúrò lẹ́nu arúgbó náà.